Ìdíkọ̀ Rélùwéè Tí Kò Ní Òṣìṣẹ́: Ta Ló Ń Ṣe Iṣẹ́ Ibẹ̀ ní Japan?

Bí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè ní ìgbèríko Japan, kò ṣòro kó jẹ́ òun nìkan ni yóò kù lórí pèpéle tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Kò sí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ọ̀gá ìdíkọ̀ tó dé fìlà, kò sí ọdẹ tó jókòó sẹ́nu géètì. Géètì gan-an kò sí. Yàrá kékeré kan, bẹ́ǹṣì kan, pátákó tí wọ́n kọ àkókò ọkọ̀ sí, ó tán. Ẹni tó bá rántí bí àwọn ìdíkọ̀ kan nílẹ̀ tiwa ṣe rí nígbà tí rélùwéè dáwọ́ dúró yóò ní wọ́n ti pa ibẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì ń bọ̀, àkókò tí wọ́n kọ sára pátákó náà ni yóò sì dé.

Mujin-eki ni wọ́n ń pe irú ìdíkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìdíkọ̀ tí òṣìṣẹ́ rélùwéè kì í jókòó sí. Àwọn kan wà tí òṣìṣẹ́ kì í dé rárá, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ni òṣìṣẹ́ fi ń wà níbẹ̀. Nínú nǹkan bí 9,500 ìdíkọ̀ tó wà ní gbogbo Japan, nǹkan bí ìdajì wọn ló jẹ́ mujin-eki, wọn kò sì mọ sí ìgbèríko nìkan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn èèyàn rò pé níbi tí kò bá ti sí òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló bọ́ sí.

Ohun tí ọ̀gá ìdíkọ̀ ń ṣe nígbà tó wà níbẹ̀

Bí a bá béèrè iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìdíkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á ní tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Ó ń tà á lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tó fúyẹ́ jù lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó wúwo jù ni pé kí ọkọ̀ méjì má forí sọ ara wọn. Ojú irin ẹyọ kan ló wà ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìgbèríko. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ló jọ ń lò ó, ìdíkọ̀ ni wọ́n sì ti lè yà fún ara wọn. (Fífẹ̀ ọ̀pọ̀ ojú irin wọ̀nyẹn, mílímítà 1,067, kò yàtọ̀ sí ti ojú irin àtijọ́ tiwa tó gba Ìbàdàn, Ọ̀ṣogbo àti Ọ̀fà kọjá.) Láti dènà ìjàǹbá, wọ́n ṣe idẹ pẹlẹbẹ róbótó kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ìpín ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láàárín ìdíkọ̀ méjì ní idẹ tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì lè jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó o sí. Dírẹ́bà tí kò bá rí i gbà kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Wọ́n lu ihò sáàárín idẹ náà, ti ibì kan róbótó, ti ibì kan onígun mẹ́ta, ti ibòmíràn onígun mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ti ìpín kan wọ òmíràn. Ọ̀gá ìdíkọ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ dírẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ló ń dá a padà sínú ẹ̀rọ, òun náà ló ń lu aago sí ọ̀gá ìdíkọ̀ tó kàn kí wọ́n tó lè fa òmíràn yọ. Bí ọ̀gá náà bá sùn lọ, gbogbo ọkọ̀ ọ̀nà yẹn dúró nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó ń darí iná àmì àti oríta irin láti ọ̀nà jíjìn ló gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba èèyàn tó jókòó sínú yàrá kan nílùú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rí gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà lórí pátákó oníná níwájú wọn. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, oríta irin tó wà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sí wọn á sì yí. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ìdíkọ̀ tí kò ní òṣìṣẹ́ títí dòní, bí èrò tó dúró lórí pèpéle kò tilẹ̀ mọ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ẹrù. Ìrẹsì, èédú, igi gẹdú, ajílẹ̀ àti ẹja, ìdíkọ̀ kékeré ni wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀. Nígbà tí títì dára tán, ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ náà. Ní February 1984, Japanese National Railways, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ìjọba, fòpin sí ètò tí wọ́n fi ń kó ẹrù jọ láti ìdíkọ̀ kékeré dé ìdíkọ̀ kékeré. Nígbà tó di 1986, ẹrù tí àwọn èèyàn ń fi rélùwéè èrò ránṣẹ́ síra wọn dópin pẹ̀lú. Ní Hokkaido, erékùṣù àríwá tí òjò dídì pọ̀ sí, wọ́n tilẹ̀ yọ ẹsẹ̀ irin kúrò lábẹ́ àwọn kóòṣì tí gáàdì ọkọ̀ ẹrù máa ń jókòó sí, wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, wọ́n kùn wọ́n lọ́dà, ló bá di ilé ìdíkọ̀. Wọ́n ṣì wà láwọn ibì kan.

Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló wá kù, òun nìkan kò sì lè bọ́ ẹnì kan. Ọdún 1964 tí Japan ṣí Shinkansen, rélùwéè eléré tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ ìjọba yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù owó. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1980 ló fa ọ̀nà 83 yọ pé kí bọ́ọ̀sì rọ́pò wọn tàbí kí ilé-iṣẹ́ agbègbè gbà wọ́n. Ní April 1, 1987, wọ́n tú ilé-iṣẹ́ náà ká sí mẹ́fà fún èrò àti ọ̀kan fún ẹrù, lẹ́yìn tí gbèsè rẹ̀ ti tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì 37. Ilé-iṣẹ́ tó bá jogún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdíkọ̀ tí èrò mẹ́wàá ń wọkọ̀ lójúmọ́ ló máa kọ́kọ́ wò.

Dírẹ́bà di kọ̀ndọ́, ó di akọ̀wé owó

Ètò tí wọ́n fi rọ́pò òṣìṣẹ́ ìdíkọ̀ ni wọ́n ń pè ní wanman, ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Dírẹ́bà nìkan ni òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, kò sí kọ̀ndọ́ lẹ́yìn. Kóòṣì kan tàbí méjì ni ọkọ̀ náà sábà máa ń ní.

Lọ́pọ̀ ibi, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni èrò ń gbà wọlé, ti iwájú ni wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀. Níbi tí òtútù ti mú, ilẹ̀kùn kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọlé ni yóò tẹ bọ́tìnnì, kí ooru inú ọkọ̀ má bàa tú jáde lásán. Bó bá ti gbẹ́sẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó yọ ahọ́n bébà síta, kó fà á. Nọ́ńbà wà lára bébà náà, ká ní 5. Ó jọ tálì tí wọ́n ń pín fún wa nílé ìwòsàn, àmọ́ tálì tibí kò sọ ìgbà tó máa kàn ọ́, ibi tí o ti wọkọ̀ ló ń sọ. Gbogbo ẹni tó wọlé ní ìdíkọ̀ kan náà, 5 ni wọ́n máa fà.

Lókè níwájú, nítòsí orí dírẹ́bà, pátákó oníná kan wà tí nọ́ńbà tò sí, owó sì wà lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá ìdíkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ni owó náà ń gòkè. Ẹni tó di 5 mú yóò wo abẹ́ 5 nígbà tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Bó bá bá 320 níbẹ̀, yẹ́ẹ̀nì 320 ni yóò san. Ẹni tí kò fa tálì, àyè tirẹ̀ wà lórí pátákó náà, bíi ẹni tó ti ibi tí ọkọ̀ ti gbéra wá ni wọ́n á sì ṣe gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló ga jù.

Ibi àpótí owó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni àlejò ti máa ń ṣìṣe. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àpótí náà kì í fúnni ní ṣéńjì, ó kàn ń ṣẹ́ owó ni. Ẹni tó mú bébà yẹ́ẹ̀nì 1,000 dání yóò kọ́kọ́ kì í bọ ojú ihò tó ń ṣẹ́ owó, owó ẹyọ á dà sínú àwo, òun fúnra rẹ̀ á ṣa iye owó ọkọ̀ jáde, á sì jù ú sínú àpótí pẹ̀lú tálì rẹ̀. Owó àti tálì á bọ́ sórí bẹ́líìtì kékeré tó ń yí lábẹ́ gíláàsì, dírẹ́bà á fi ojú kà á kó tó rì sínú àpótí. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ojú tó ti mọ́ra ló ń kà á.

Bí ẹni ìkẹyìn bá ti sọ̀kalẹ̀, dírẹ́bà á wo dígí tàbí kámẹ́rà bóyá ẹnì kan ṣì ń sáré bọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á na ìka sí iná àmì, á sì fi ẹnu pe ohun tó rí síta kó tó gbéra. Àlejò tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lè rò pé ó ń dá sọ̀rọ̀. Ìlànà iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá nàka sí nǹkan, tó tún fẹnu pè é, ọkàn rẹ̀ kì í tètè sá kúrò níbẹ̀.

Ṣé èèyàn kò lè sá lọ láìsanwó? Ó lè ṣẹlẹ̀, pàápàá níbi tí ọkọ̀ bá gùn tí gbogbo ilẹ̀kùn sì ṣí. Òfin gbà kí ilé-iṣẹ́ rélùwéè gba owó ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìlọ́po méjì rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Japan fẹ́ràn láti sọ pé òótọ́ inú àwọn ará ibẹ̀ ló mú kí ètò yìí ṣeé ṣe. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ìṣirò ni: owó tí àwọn ẹlẹ́tàn díẹ̀ ń jẹ lọ́dún kò tó owó oṣù òṣìṣẹ́ kan, ilẹ̀kùn ẹyọ kan tó ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà sì ti dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹ̀tàn.

Ìtàn ọmọbìnrin kan tó wọkọ̀ lọ síléèwé

Ní January 2016, ìròyìn kan gba gbogbo ayé kan. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè Hokkaido kò ti ìdíkọ̀ kan tó ń jẹ́ Kami-Shirataki nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń bá a lọ síléèwé, pé wọ́n ń dúró kó jáde ìwé kí wọ́n tó tì í. Títí di òní ni àwọn èèyàn ṣì ń pín in, wọ́n á sì fi kún un pé ìjọba rere nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lóòótọ́, àmọ́ Kyu-Shirataki ló ti ń wọkọ̀, ìyẹn ìdíkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà Sekihoku kan náà. Wọ́n fa Kami-Shirataki wọ inú ìtàn náà nítorí pé ọkọ̀ kan péré lójúmọ́ ló ń dúró níbẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, èyí sì dùn ún fi sọ ìtàn. Méjèèjì, pẹ̀lú Shimo-Shirataki, ni wọ́n jọ tì ní March 26, 2016, nítorí pé èrò kò sí. Kí ló dé tó fi jẹ́ March? Oṣù yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ JR, ìyẹn àwọn tó jogún rélùwéè ìjọba, sábà máa ń tún àkókò ọkọ̀ wọn tò lọ́dọọdún, ọjọ́ tí àkókò tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń ti ìdíkọ̀. March náà ni ọdún ẹ̀kọ́ ń parí ní Japan. Ìdíkọ̀ ìgbèríko èyíkéyìí tí wọ́n bá tì, ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé lágbègbè rẹ̀.

JR Hokkaido, ilé-iṣẹ́ tó ni ìdíkọ̀ wọ̀nyẹn, kò tilẹ̀ lówó irú àánú bẹ́ẹ̀. Ní November ọdún kan náà ló kéde pé òun nìkan kò lè dá ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 1,237 bójú tó mọ́, nǹkan bí ìdajì gbogbo ọ̀nà tó ní.

Ológbò, òkun àti ibi tí títì kò dé

Níbi tí ilé-iṣẹ́ bá ti yọwọ́, àwọn ará ìlú ló máa ń gbà á. Koboro ló ṣàjèjì jù nínú wọn. Ó wà láàárín ihò abẹ́ òkè méjì létí òkun Hokkaido, kò sí títì tí mọ́tò lè gbà débẹ̀, kò sì sí ilé níbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ń yà fún ara wọn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ní 1943, ọdún 1987 ló di ìdíkọ̀. Nígbà tí JR Hokkaido fẹ́ tì í ní 2015, ìjọba ìlú Toyoura ní àwọn yóò máa gbé owó ìtọ́jú rẹ̀. Kí ni ìlú fẹ́ fi ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé ṣe? Ushiyama Takanobu, òǹkọ̀wé kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún to àwọn ìdíkọ̀ àdádó Japan ní ipò ní ipò, ló gbé Koboro sí ipò kìíní, láti ìgbà náà sì ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń wá a kiri.

Kishi ní Wakayama ní tirẹ̀, ológbò ló gbà á. Òun ni ìdíkọ̀ ìparí lójú ọ̀nà Kishigawa tí kò ju kìlómítà 14.3 lọ. Ilé-iṣẹ́ Nankai yọwọ́ níbẹ̀ nítorí àdánù, Wakayama Electric Railway sì gbà á ní April 2006. Òṣìṣẹ́ kúrò ní Kishi lọ́dún yẹn. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ń tọ́jú ológbò aláwọ̀ mẹ́ta kan tó ń jẹ́ Tama, ni ilé-iṣẹ́ náà bá fi ológbò yìí jẹ ọ̀gá ìdíkọ̀ ní January 2007. Wọ́n rán fìlà fún un. Oúnjẹ ológbò ni owó oṣù rẹ̀. Nígbà tó kú ní June 2015, wọ́n sin ín ní ìlànà Shinto, wọ́n sì ṣe ojúbọ fún un ní ìdíkọ̀ náà. Ológbò mìíràn, Nitama, ló jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ lè fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ fi í wé Shimonada. Ìdíkọ̀ yìí wà ní Ehime lérékùṣù Shikoku, pèpéle rẹ̀ kọjú sí òkun tààrà. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà tuntun gba àárín òkè lọ ní 1986, àwọn ọkọ̀ eléré kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán rẹ̀ tó wà lára pósítà tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó Seishun 18 ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn ará abúlé ń tọ́jú òdòdó níbẹ̀, wọ́n sì ti ṣe eré orin lórí pèpéle lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Èrò ń rọ́ lọ síbẹ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n mọ́tò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé lọ. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sílé, kọ́bọ̀ kò bọ́ sínú àpótí dírẹ́bà. Rélùwéè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ wo Tama wọ̀, nítorí ẹ̀ ni mo fi ka ológbò sí ọgbọ́n tó ju òkun lọ.

Òkìkí nìkan kì í gba ìdíkọ̀ sílẹ̀. Ìdíkọ̀ Ikutora ni wọ́n lò nínú Poppoya, fíìmù 1999 tí Takakura Ken ti ṣe ọ̀gá ìdíkọ̀ àgbà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó nífẹ̀ẹ́ fíìmù Japan ló mọ fíìmù náà. Ní April 1, 2024, wọ́n ti ọ̀nà rẹ̀ láti Furano dé Shintoku pátápátá.

Àwọn tí ètò yìí ń ni lára

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn, tó lè ka pátákó, tó lè na ọwọ́ fa tálì ni ó wà fún. Akàndá ẹ̀dá tó ń lo àga onítáyà nílò ẹni tí yóò gbé pákó sáàárín pèpéle àti ọkọ̀. Tí kò bá sí òṣìṣẹ́, àfi kó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago ṣáájú, kí wọ́n lè rán ẹnì kan wá láti ìdíkọ̀ mìíràn. Ìyẹn ni pé kò lè ṣàdédé jáde nílé bí èmi àti ẹ̀yin. Ní September 2020, àwọn akàndá ẹ̀dá kan ní Oita gbé JR Kyushu lọ sílé ẹjọ́ lórí èyí, wọ́n ní òmìnira àwọn láti rìn ni wọ́n ń fi dù wọ́n. Ní 2022, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà gbé ìlànà jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè lórí bí wọ́n ṣe máa ran irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní mujin-eki.

Ìgékúrò náà kò sì tíì dúró. JR East ti yọ aago kúrò ní àwọn kan nínú ìdíkọ̀ kéékèèké rẹ̀ láti dín ìnáwó kù, wọ́n ní fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Lójú tèmi, mujin-eki jẹ́ ọgbọ́n tó dáa níbi tí àṣàyàn kejì bá jẹ́ pé kí wọ́n ti ìdíkọ̀ pa. Ibi tí èrò bá ṣì pọ̀ tí wọ́n sì ń kó òṣìṣẹ́ kúrò, ahun ni mò ń pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ bá máa gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ka àkókò ọkọ̀ tó máa gbé yín padà kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, torí pé níbòmíràn, ọkọ̀ tó kàn lè jẹ́ ti ọ̀la. Owó wẹ́wẹ́ sì ni kí ẹ mú dání. Lọ́pọ̀ ọkọ̀, àpótí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà kì í ṣẹ́ bébà yẹ́ẹ̀nì 10,000.